Oníbàárà tó wúwo: irú wíìlì kẹ̀kẹ́ wo ló yẹ kí wọ́n tà fún un?

Oníṣòwò kẹ̀kẹ́ tó bá ti pẹ́ nídìí òwò náà yóò mọ irú oníbàárà yìí: ọkùnrin fìrìgbọ̀n, tó wọn 100 kílò tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó wọ ṣọ́ọ̀bù, tó nawọ́ sí wíìlì onírímù gíga táwọn eléré ìje fi ń la afẹ́fẹ́ kọjá, tó ní èyí lòun fẹ́. Owó ńlá ló wà nídìí ọjà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ tí wọ́n bá tà á fún un láìbéèrè ohunkóhun, ó lè máà ju oṣù mélòó kan lọ tí yóò fi padà dé pẹ̀lú sípókì tó já, tí èrè yóò sì di ẹjọ́.

Irọ́ kọ́ ni pé rímù gíga ń ran eré lọ́wọ́. Bí eré kẹ̀kẹ́ bá di ìlọ́po méjì, agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń ti èèyàn sẹ́yìn yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń rọra lọ ní kìlómítà 15 láàárín wákàtí kan, kí ló fẹ́ rí níbẹ̀? Ara ẹni tó jókòó sórí kẹ̀kẹ́ gan-an ni afẹ́fẹ́ ń bá jà jù. Kó tẹ̀ síwájú díẹ̀ lásán, yóò ṣe é lóore ju rímù olówó gọbọi lọ.

Sípókì ni kí oníṣòwò kọ́kọ́ kà. Wíìlì ìje lè máà ní ju 16 sí 24 lọ. Àwọn kẹ̀kẹ́ ńlá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ayé ọjọ́un, 32 ló wà níwájú, 40 lẹ́yìn. Wọn ò ṣèèṣì ṣe é bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn ni ìwúwo ń bọ́ sí jù. Fún ẹni tó lé ní 100 kílò, kí ti ẹ̀yìn má dín ní 32. Tó bá tún máa ń di ẹrù sẹ́yìn, 36 ló dáa.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé dídẹ̀ sípókì ló sábà máa ń já a. Gbogbo ìgbà tí wíìlì bá yí, sípókì tó dé ìsàlẹ̀ yóò dẹ̀ díẹ̀, yóò sì tún le bó ti ń gòkè. Èyí tí wọn ò fà le dáadáa tẹ́lẹ̀ ni yóò máa tẹ̀ síwá sẹ́yìn níbi tó ti kọ́ mọ́ họ́ọ̀bù, bí ìgbà tí èèyàn ń fọwọ́ tẹ wáyà títí tó fi já. Nítorí náà, wíìlì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú páálí jáde kò tíì yá fún ẹni tó wúwo. Kí aláàtúnṣe kọ́kọ́ fa sípókì ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan le dọ́gba, kí oníbàárà sì gbé e padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Iṣẹ́ tó lówó lórí nìyẹn, kì í ṣe ọ̀fẹ́.

Táyà 28 tàbí 32 mílímítà dáa ju 23 lọ, bí fọ́ọ̀kì bá gbà á. Kí wọ́n sì wo ìwọ̀n tí ilé-iṣẹ́ kọ pé wíìlì náà ò gbọdọ̀ kọjá. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tó gùn ún, kẹ̀kẹ́ àti ẹrù ni wọ́n ṣírò pọ̀. Ní ti kábọ́ọ̀nù tòkunbọ̀, kí oníṣòwò yàgò fún un. Ó lè ti sán nínú kí ojú má rí i.

Bí oníbàárà bá ṣì ta kú pé rímù gíga lòun fẹ́, ọ̀nà àbáyọ kan wà. Wíìlì iwájú ló ń kọ́kọ́ pàdé afẹ́fẹ́, òun náà sì ni ẹrù rẹ̀ fúyẹ́. Kí wọ́n ta ti iwájú fún un, tí sípókì rẹ̀ ò bá ti dín ní 24, kí wọ́n fi oní-32 tàbí 36 sẹ́yìn, kí wọ́n sì kọ ọ́ sí rìsíìtì pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n jọ gbà.