Bí Ajá Bá Jẹ Ṣokoléètì Tàbí Kòkó

Ìwé ìlàlóye fún àwọn alájá, àwọn àgbẹ̀ oníkòkó àti àwọn ọdẹ

Bí ajá yín bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ṣokoléètì, ẹ má ka ìwé yìí tán kí ẹ tó gbéra. Ẹ gba èyí tó kù lẹ́nu rẹ̀, ẹ mú bébà tàbí ọ̀rá tí wọ́n fi wé e dání, ẹ wo aago, kí ẹ sì pe dókítà ẹran. Ẹ má dúró di ìgbà tí ara rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ẹ má da epo pupa sí i lẹ́nu. Àlàyé yòókù, ẹ lè kà á nígbà tí ẹ bá jókòó de dókítà.

Ohun tó wà nínú kòkó

Kòkó ni wọ́n fi ń ṣe ṣokoléètì, láti inú kòkó sì ni májèlé náà ti wá. Theobromine ni orúkọ rẹ̀. Kaféènì, èyí tó wà nínú kọfí àti nínú obì, wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n theobromine ló pọ̀ jù. Àwa ènìyàn ń jẹ ẹ́, kì í ṣe wá ní nǹkan kan, nítorí pé ara wa tètè ń fọ́ ọ, ìtọ̀ a sì gbé e jáde. Ara ajá kò rí bẹ́ẹ̀. Bí theobromine bá wọ inú ẹ̀jẹ̀ ajá, ó tó nǹkan bíi wákàtí 17 àbọ̀ kí ìdajì rẹ̀ tó kúrò. Iye wákàtí kan náà ni yóò tún gbà kí ìdajì èyí tó ṣẹ́kù tó lọ. Ìdí nìyí tí ajá tó jẹ ẹ́ lálẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta fi lè ṣì máa gbọ̀n ní ọjọ́ Ajé. Ní gbogbo àkókò yẹn, májèlé náà ń lé ọkàn sáré, kò jẹ́ kí ọpọlọ àti iṣan sinmi, ó sì ń mú kí ajá máa tọ̀ léraléra.

Gbogbo ṣokoléètì kọ́ ni agbára wọn dọ́gba. Bó bá ṣe dúdú tó, tó sì korò tó, bẹ́ẹ̀ ni májèlé inú rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Èyí tó funfun kò ní theobromine tó nǹkan. Ọ̀rá àti ṣúgà inú rẹ̀ ló lè da inú ajá rú. Ṣokoléètì oníwàrà, èyí tí àwọn ọmọ wa fẹ́ràn jù, ní ohun tó lé díẹ̀ ní milígíráàmù 2 nínú gíráàmù kọ̀ọ̀kan, bí a bá ka theobromine àti kaféènì pọ̀. Èyí tó dúdú ní bíi 5. Èyí tí kò ní ṣúgà, tí àwọn oníkéèkì ń lò, ní bíi 16. Lẹ́búlẹ́bú kòkó gidi ló wá burú jù gbogbo wọn lọ, ó lè tó 28.

Ìwọ̀n ara ajá ló ń sọ ibi tí ọ̀rọ̀ máa já sí. Bí májèlé tó jẹ bá tó milígíráàmù 20 fún kílò kan ara rẹ̀, yóò bì, yóò yàgbẹ́ gbuuru, kò sì ní lè farabalẹ̀. Bó bá tó 40 sí 50, ọkàn rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Bó bá tó 60, gìrì lè mú un. Láti 100 lọ sókè, ikú ni ó ń bá fà á.

Ẹ jẹ́ ká fi ajá lásán tó wọn kílò 10 ṣe àpẹẹrẹ. Bó bá jẹ ṣokoléètì oníwàrà gíráàmù 100 tán, inú rẹ̀ yóò rú, ó sì ṣeé ṣe kí ó bọ́. Bó bá jẹ́ dúdú ni ó jẹ ní ìwọ̀n kan náà, ọkàn rẹ̀ ti wà nínú ewu, gìrì kò sì jìnnà mọ́. Bó bá jẹ́ lẹ́búlẹ́bú kòkó ni, ó ti kọjá ìwọ̀n tó ń pa ajá ní ìlọ́po méjì. Ní ti ajá kékeré oníkílò 5, ṣíbí ìjẹun kan péré lẹ́búlẹ́bú kòkó tó láti kó o sí wàhálà.

A máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ènìyàn pé, “Ajá tèmi jẹ ṣokoléètì lọ́dún tó kọjá, kò ṣe é ní nǹkan kan.” Òótọ́ lè ni. Ó ṣeé ṣe kí ajá náà tóbi, kí ṣokoléètì náà sì jẹ́ oníwàrà tí kò ju ẹ̀là méjì lọ. Èyí kò sọ pé lẹ́búlẹ́bú kòkó tí ìyàwó ilé fẹ́ fi ṣe kéèkì kò ní pa ajá kan náà. Àwọn mìíràn ní ajá ìbílẹ̀ lágbára ju ajá òyìnbó lọ. Ní ti kòkó, a kò gbà bẹ́ẹ̀: ìwọ̀n ara ló ṣe pàtàkì, kì í ṣe irú ajá.

Ilẹ̀ kòkó ni ilẹ̀ wa

Ìwé tí àwọn òyìnbó ń kọ lórí ọ̀rọ̀ yìí, ṣokoléètì orí tábìlì ni wọ́n máa ń sọ. Tiwa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti Ìdànrè dé Ilé-Olújì, láti oko Ifẹ̀ dé àwọn abúlé ẹ̀yìn Ìbàdàn, inú kòkó ni ọ̀pọ̀ ajá ń gbé. Ajá ń bá olówó rẹ̀ lọ sóko, ó ń sùn síbi tí wọ́n sá kòkó sí, ó ń ṣọ́ yàrá tí wọ́n kó àpò kòkó pa mọ́ sí. Ó yẹ ká bá àwọn àgbẹ̀ sọ̀rọ̀ tààrà.

Ohun tó kọ́kọ́ ń fa ajá ni omi dídùn tó wà lára hóró kòkó tútù. Nígbà tí ẹ bá ti la kòkó, tí ẹ sì bò ó sábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kí ó lè kan, òórùn rẹ̀ ń pe ajá. Bó bá ń lá omi náà, ó ń gbé hóró mì pẹ̀lú. Hóró gbígbẹ ló tún burú jù. Hóró kan wọn tó nǹkan bíi gíráàmù kan, theobromine inú rẹ̀ sì máa ń wà láàárín milígíráàmù 10 sí 20. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: ogún hóró tó láti mú ajá oníkílò 10 bì, àádọ́ta hóró sì lè mú gìrì bá a. Ajá tí ebi ń pa, tàbí ọmọ ajá tó ń ha gbogbo nǹkan jẹ, lè jẹ iye yìí kí ẹ tó ti odò dé.

Èèpo tó ń bọ́ lára hóró, èyí tí àwọn ilé iṣẹ́ tó ń lọ kòkó máa ń kó dànù, kò mọ́ lọ́wọ́ ewu. Ó ní bíi milígíráàmù 9 nínú gíráàmù kan. Àwọn kan ń dà á sídìí òdòdó bí ajílẹ̀, àwọn mìíràn ń tẹ́ ẹ sábẹ́ ẹran ọ̀sìn. Ẹ má tẹ́ ẹ síbi tí ajá ń sùn. Ilé iṣẹ́ ìwádìí kòkó tó wà ní Ìdí-Ayùnrẹ́, ní Ìbàdàn, ti ṣiṣẹ́ lórí bí a ṣe lè fi èèpo kòkó bọ́ ẹran ọ̀sìn, theobromine yìí kan náà sì ni ohun tí kì í jẹ́ kí wọ́n lè fi púpọ̀ sínú oúnjẹ ẹran.

Ọ̀rọ̀ kan kù lórí oko. Bí ajá bá ti oko kòkó dé, tó ń gbọ̀n, tó ń da itọ́ lẹ́nu, ó lè má jẹ́ kòkó ló jẹ. Oògùn tí ẹ fi ń fín kòkó, oògùn eku, omi inú ike tí ẹ fi po oògùn, gbogbo wọn ni ajá lè lá. Àmì wọn lè jọra, ìtọ́jú wọn kò jọra. Ẹ mú ike tàbí páálí oògùn náà wá, bí orúkọ ara rẹ̀ tilẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́. Ẹnikẹ́ni kò ní bá yín wí. Àwa dókítà ẹran fẹ́ mọ ohun tó wọ inú ajá ni.

Bí ẹ ó ṣe mọ̀

Àmì àkọ́kọ́ lè yọ láàárín wákàtí méjì sí mẹ́rin. Ó lè pẹ́ tó wákàtí 6 sí 12 kí ẹ tó rí èyí tó le. Òùngbẹ yóò máa gbẹ ajá, yóò bì, ìgbẹ́ rẹ̀ yóò dẹ̀, yóò máa tọ̀ ṣáá. Yóò máa rìn síwá sẹ́yìn láìdúró lójú kan, yóò máa mí helehele, ara rẹ̀ yóò gbóná. Lẹ́yìn náà ni iṣan rẹ̀ yóò máa fò, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò le gan-an, gìrì á sì mú un.

Ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àyà rẹ̀ lápá òsì, lẹ́yìn ìgúnpá, kí ẹ ka bí ọkàn ṣe ń lù fún ìṣẹ́jú àáyá 15, kí ẹ sì sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Ọkàn ajá àgbà tó sinmi máa ń lù láàárín ìgbà 60 sí 140 ní ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá pọ̀ ju èyí lọ dáadáa nígbà tí ajá dùbúlẹ̀, tàbí tó ń lù tó ń dáwọ́ dúró, ẹ má pe ẹnikẹ́ni mọ́, ẹ gbé e wá.

Epo pupa, iyọ̀ àti èédú

Epo pupa ni ọ̀pọ̀ ilé kọ́kọ́ ń nawọ́ sí bí ènìyàn tàbí ẹran bá jẹ májèlé. Àwọn òbí wa lò ó pẹ̀lú ìfẹ́, a kò sì fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n epo kì í pa theobromine. Bí ẹ bá la ẹnu ajá tí ẹ sì rọ epo sí i, díẹ̀ lára rẹ̀ lè gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ajá tí kòkó kò bá pa yóò wá kú nítorí epo. Ọ̀rá púpọ̀ tún máa ń mú kí ẹ̀yà ara tó ń ṣe omi tó ń da oúnjẹ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpòlúkù, wú, ìrora rẹ̀ sì le gidigidi. Ṣokoléètì fúnra rẹ̀ ti ní ọ̀rá tó. Mílíìkì kò yàtọ̀, kò wo májèlé yìí sàn.

Ẹ má fún un ní omi iyọ̀ kí ó lè bì. Iyọ̀ púpọ̀ lè ba ọpọlọ ajá jẹ́. Ẹ má ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun. Èédú ìdáná tí ẹ lọ̀ kúnná kì í ṣe èédú tí dókítà ń lò. Ti dókítà ní iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe sí i kí ó tó lè di májèlé mú. Oògùn tó ń mú ajá bì wà, ẹ̀tọ́ dókítà sì ni láti sọ bóyá kí ẹ lò ó nílé. Ajá tí gìrì ti mú, tàbí tó ti rẹ̀ dé ibi tí kò lè gbé orí, kò gbọ́dọ̀ bì, nítorí èébì lè pa á.

Gbígbé e wá

Ẹ má fi okùn di ẹnu ajá tó jẹ ṣokoléètì, bó ti wù kí awakọ̀ tàbí ọlọ́kadà bẹ̀rù tó. Bó bá bì tí ẹnu rẹ̀ wà ní dídì, yóò fún un pa. Ẹ má kó o sínú àpò, ẹ má sì gbé e sínú búùtù ọkọ̀ tó gbóná, torí pé ara rẹ̀ ti ń gbóná tẹ́lẹ̀. Ẹ wé e sínú aṣọ fẹ́lẹ́, kí atẹ́gùn máa fẹ́ sí i. Bí gìrì bá mú un lọ́nà, ẹ dẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ẹ má ki ọwọ́ sí i lẹ́nu.

Ohun mẹ́ta la máa kọ́kọ́ bi yín: kí ló jẹ, báwo ló ṣe pọ̀ tó, nígbà wo? Bí ẹ bá tètè dé, pàápàá láàárín wákàtí méjì, a lè fún un lábẹ́rẹ́ kí ó bì púpọ̀ jáde. Nítorí pé ṣokoléètì máa ń lẹ̀ pọ̀ nínú àpòlúkù, ó ṣeé ṣe kí ó wúlò lẹ́yìn èyí pẹ̀lú, nítorí náà ẹ má rò pé ẹ̀pà kò bóró mọ́. Lẹ́yìn náà ni a ó fún un ní èédú oníṣègùn, a ó fa omi sí i lára, a ó sì fún un ní oògùn tó ń dẹ ọkàn àti gìrì lọ́wọ́ bó bá yẹ. Ẹ ó rí i pé a ń mú un jáde lọ tọ̀ léraléra. Theobromine tó wà nínú ìtọ̀ lè tún padà wọ inú ẹ̀jẹ̀ láti ara ilé ìtọ̀, bí ìtọ̀ bá pẹ́ nínú rẹ̀.

Bó bá padà délé, ìrẹsì rírọ̀ àti ẹran adìẹ tí a bọ̀ láìsí ata àti epo ni kí ẹ fún un ní ìwọ̀nba fún ọjọ́ díẹ̀, omi sì gbọ́dọ̀ wà níwájú rẹ̀ nígbà gbogbo. Bó bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í bì tàbí tó ká ara rẹ̀ kò nítorí inú rírun láàárín ọjọ́ mẹ́rin, ẹ dá a padà wá.

Ṣokoléètì tó ní ohun mìíràn nínú

Ṣokoléètì tí kò ní ṣúgà, èyí tí àwọn tó ní àtọ̀gbẹ máa ń rà, lè ní xylitol nínú. Ó máa ń fa ṣúgà ara ajá wálẹ̀ láàárín wákàtí kan, ó sì lè ba ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí fún wa lórí fóònù. Èyí tó ní àjàrà gbígbẹ nínú lè ba kíndìnrín jẹ́. Nínú irú èyí, ẹ má fi ìwọ̀n ṣírò rárá, ẹ gbé ajá wá.

Kòkó tí a ń pò mu láàárọ̀ kì í ṣe kòkó nìkan, ṣúgà àti wàrà pọ̀ nínú rẹ̀, nítorí náà ewu rẹ̀ kéré sí ti lẹ́búlẹ́bú kòkó gidi. Síbẹ̀, ajá kékeré tó ya odindi páálí jẹ yẹ lẹ́ni tí à ń pe dókítà fún.

Kérésìmesì àti ọjọ́ ìbí ọmọdé ni àkókò tó yẹ kí ẹ ṣọ́ra jù nínú ilé, ìgbà ìkórè sì ni ní oko. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ pé wọn kò gbọ́dọ̀ pín ṣokoléètì fún ajá, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀ fún wọn. Ẹ gbé àpò kòkó sókè kúrò nílẹ̀, ẹ so ajá nígbà tí kòkó bá ń bẹ lábẹ́ ewé.

Bí ẹ kò bá mọ dókítà ẹran nítòsí, ilé ìwòsàn ẹranko wà ní Yunifásítì Ìbàdàn àti ní yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ẹ wá nọ́ńbà èyí tó sún mọ́ yín jù lónìí, kí ẹ kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé yìí, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri níbi tí gbogbo ará ilé, títí kan àwọn ọmọdé, yóò ti lè rí i.