Àdá Tó Wà Lábẹ́ Píkọ́ọ̀pù

Bí ẹ bá ní àdá tí alágbẹ̀dẹ abúlé rọ, ó ṣeé ṣe kí irin rẹ̀ ti rìnrìn àjò jù yín lọ. Abẹ́ mọ́tò ló ti wá. Lójú àwọn alágbẹ̀dẹ wa, sípíríǹgì mọ́tò akẹ́rù tó ti ṣẹ́ kì í ṣe pàǹtí. Wọ́n á gé e, wọ́n á kì í bọ iná, wọ́n á fi ewìrì fẹ́ ẹ títí tó fi máa pọ́n, wọ́n á wá lù ú di àdá tàbí ọkọ́. Ìdí tí wọ́n fi fẹ́ràn rẹ̀ ni pé bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, á padà sípò. Bí ẹ bá sì pọ́n ọn, ẹnu rẹ̀ kì í tètè kú. Nínú 100 kìlógíráàmù irin náà, nǹkan bí ìdajì kìlógíráàmù ni kábọ́ọ̀nù. Ìwọ̀nba bín-ín-tín yẹn ló jẹ́ kó yàtọ̀ sí irin ìṣó.

Torí náà, àgbẹ̀ tó ń di àdá mú lójoojúmọ́ ti mọ ẹsẹ̀ píkọ́ọ̀pù, ìyẹn sípíríǹgì àti àwọn irin tó di táyà mú, àfi pé kò tíì sẹ́ni tó fi wọ́n mọ ara wọn. Ní Adégbàyí, níbi tí títì àtijọ́ tó ti Ìbàdàn lọ sí Ilé-Ifẹ̀ gbà kọjá, àwọn píkọ́ọ̀pù tó ti dàgbà ló ṣì ń kó ẹ̀gẹ́, ata àti pákó wọlé láti àwọn abúlé Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà Àrà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Peugeot 504 fi jẹ́ ọ̀gá láàárín wọn. Ọdún 1968 ni wọ́n gbé 504 àkọ́kọ́ jáde nílẹ̀ Faransé. Ọdún 1975 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní Kàdúná. Ẹ́ńjìnnì irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ lè kú lójú ọ̀nà, kí wọ́n wọ́ ọ délé. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yọ lórí eré, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.

Ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà kọ̀ọ̀kan, irin pẹlẹbẹ mélòó kan lé ara wọn bí ẹní tí wọ́n tò. Ìyá wọn ló gùn jù. Àwọn ọmọ ń kúrú sí i bí wọ́n ti ń tẹ̀ lé e. Gbogbo wọn tẹ̀ bí ọrun ọdẹ. Bí ẹrù bá dé, ọrun náà á nà, á sì gùn sí i. Nítorí èyí, wọn ò kan orí rẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀. Orí kan dúró síbì kan. Èkejì rọ̀ mọ́ irin kékeré tó ń fì síwá sẹ́yìn, bí ẹsẹ̀ ọmọ tó jókòó lórí àga gíga. Bí ìdọ̀tí àti ìpẹtà bá dì í pa, sípíríǹgì ò ní ríbi nà sí, gbogbo kòtò tí ẹ bá kó sí á wá máa lu ṣáàsì. Bí àwọn bóòtì tó de sípíríǹgì mọ́ ọ̀pá táyà bá sì ṣò, ọ̀pá náà á yẹ̀, mọ́tò á máa fẹ̀gbẹ́ rìn bí alákàn.

Àwa èèyàn fẹ́ràn láti fi irin kan tàbí méjì kún sípíríǹgì kí ẹrù lè pọ̀. Irin náà á gbé e lóòótọ́, ṣùgbọ́n ṣáàsì, táyà àti bíréèkì ò kún sí i. Ẹ rántí ọ̀kadà tí wọ́n di àpò ẹ̀gẹ́ mẹ́ta sẹ́yìn rẹ̀: iwájú rẹ̀ á fúyẹ́, ọlọ́kadà á máa yí ọwọ́, táyà ò ní fẹ́ gbọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni píkọ́ọ̀pù tí ẹrù rẹ̀ yọ gọnbọ sẹ́yìn.

Sípíríǹgì mọ bí a ṣe ń fò, kò mọ bí a ṣe ń dúró. Ṣọ́ọ̀kì ló ń dá a dúró. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ gbá omi inú garawa, omi á ta kò yín. Ẹ rọra ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, omi á yà fún yín. Òye inú ṣọ́ọ̀kì nìyẹn: òróró ni wọ́n ń tì gba ihò tóóró, bí ìfò náà bá ṣe yá tó ni òróró á ṣe kọ̀ tó. Ẹ fi gbogbo ara tẹ igun mọ́tò mọ́lẹ̀, kí ẹ fi sílẹ̀ lójijì. Bó bá dìde tó sì fara balẹ̀, ó dáa. Bó bá ń jó sókè sódò láìdúró, ṣọ́ọ̀kì ti kú.

Kò sí àgbẹ̀ tó máa fi ọkọ́ tó ń mì nínú ẹrúkọ́ kọ ebè dé ìdajì oko. Á dúró, á gbá a kó dì. Àgbẹ̀ yìí kan náà á wọ píkọ́ọ̀pù tí sítíárìn rẹ̀ ti ṣò, á ní ó ti mọ́ dẹ́rẹ́bà lára. Nígbà tí ẹ bá yí sítíárìn, irin eléyín kékeré kan ń yí lórí ọ̀pá eléyín, ọ̀pá á sún, táì rọ́ọ̀dù á sì ti táyà. Orí táì rọ́ọ̀dù dà bí oríkèé itan: irin róbótó nínú kòtò, gíríìsì láàárín. Bẹ́ẹ̀ ni bọ́ọ̀lù jọ́ìńtì nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ yí, kò gbọdọ̀ ṣò. Rọ́bà ni awọ rẹ̀. Bí rọ́bà bá ya, iyanrìn á pò mọ́ gíríìsì, ohun tó yẹ kó dáàbò bò ó á wá di ọlọ tó ń lọ̀ ọ́.

Ẹ gbé mọ́tò síbi tó tẹ́jú, ẹ fi òkúta di táyà ẹ̀yìn, kí ẹ fi jáàkì gbé iwájú, kí ẹ sì fi igi tó nípọn tì í lábẹ́. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé jáàkì nìkan. Ẹ di táyà mú lọ́tùn-ún àti lósì, ẹ tì í, ẹ fà á, kí ẹnì kan di sítíárìn mú pinpin. Bó bá ń dún kó-kó-kó, orí táì rọ́ọ̀dù ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ẹ di í mú lókè àti nísàlẹ̀: bó bá mì, ẹ wo bọ́ọ̀lù jọ́ìńtì àti bíárìn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ò pé tán.

Bí ẹ bá ti rí ibi tó bàjẹ́, ìgbà yìí ni mẹkáníìkì á ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà, títun ti wọ́n jù." Alágbẹ̀dẹ ni kí ẹ bi léèrè. Irin tó ti fi iná àti omi mú le, bí iná bá tún kàn án láìlọ́nà, líle rẹ̀ ti lọ. Sípíríǹgì tí wọ́n wẹ́dì á ṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú wẹ́dì. Bọ́ọ̀lù jọ́ìńtì tí wọ́n wẹ́dì lè já nígbàkigbà, táyà á wó sábẹ́ mọ́tò. Ẹ gba ọjà Ararọ̀mí ní Gate, n'Ìbàdàn, lọ ra òmíràn. Bó bá jẹ́ tòkúnbọ̀ ni wọ́n mú wá, ẹ fi ọwọ́ yí orí rẹ̀: bó bá le díẹ̀, ó ṣì lẹ́mìí, bó bá ń fì yẹ̀ẹ̀, ẹ dá a padà. Lẹ́yìn tí ẹ bá pààrọ̀ rẹ̀, ẹ ṣe aláìmẹ́ǹtì. Bí sálúbàtà ṣe ń jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ló ń sọ bí ẹni tó wọ̀ ọ́ ṣe ń rìn. Ẹ máa wo táyà iwájú bẹ́ẹ̀.

Sípíríǹgì tó ti là, tí ẹ yọ lásìkò, ẹ má jù ú nù. Ẹ gbé e lọ fún alágbẹ̀dẹ. Bó pẹ́ bó yá, yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀; ó sàn kó jẹ́ ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín gbé e wá, tí ẹ ń dúnàádúrà iye tó máa gbà láti fi rọ àdá, ju kó jẹ́ ẹlòmíì tó ṣà á létí títì.