Jẹ̀díjẹ̀dí àti Ẹ̀rọ Ọlọ́gbọ́n: Ìwádìí Titun lórí Àrùn Ìfun Wíwú

Bí ènìyàn bá dé Mọ́níyà tàbí Ìyànà Ọ̀fà ní òwúrọ̀, kò ní pẹ́ tí yóò fi gbọ́ ohùn àwọn tí ń kiri àgbo. Ti jẹ̀díjẹ̀dí kì í wọ́n nínú ẹrù wọn. Orúkọ yìí gbòòrò púpọ̀. Òun ni a fi ń pe ìgbẹ́ ọ̀rìn, òun ni a fi ń pe ìdí yíyọ, ẹ̀yìn dídùn pàápàá kò gbẹ́yìn. Adùn ni a sì máa ń dá lẹ́bi. Ẹni tí ó ti ń yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ fún oṣù kan yóò gba orúkọ kan náà, wọn yóò sì ní kí ó jìnnà sí ṣúgà.

Àrùn kan wà tí ó lè fi ara pamọ́ sábẹ́ orúkọ yìí. Àrùn ìfun wíwú ni, oríṣi méjì ni ó sì pín sí. Èkínní ni ulcerative colitis, tí Samuel Wilks ṣe àpèjúwe rẹ̀ ní London ní 1859. Ìfun ńlá ni ó ń dá egbò sí. Èkejì ni Crohn's disease, tí Burrill Crohn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé lé lórí ní New York ní 1932. Èyí lè mú ọ̀nà oúnjẹ níbikíbi, láti ẹnu títí dé ìdí. Àwọn ọmọ-ogun tí ó yẹ kí ó máa ṣọ́ ara ni ó kọjú ìjà sí ìfun. Ó pẹ́ tí a ti ń kà á sí àrùn òyìnbó, ṣùgbọ́n ní 2012 àwọn dókítà kọ̀wé lórí àwọn aláìsàn tí wọ́n rí ní ilé ìwòsàn ńlá mẹ́ta ní gúúsù Nàìjíríà. Wọn kò pọ̀. Lójú tèmi, ó ṣòro láti rí ohun tí a kò wá.

Báwo ni ọgbọ́n àtọwọ́dá ṣe wọ ọ̀rọ̀ yìí? Ẹ wo ọmọ tí a ń fi ewé hàn lóko. A kì í ka òfin fún un. A ń na ewé sí i ni, a ń dárúkọ rẹ̀, títí ojú rẹ̀ yóò fi mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kọ́ kọ̀ǹpútà. Okùn roboto kan wà, tí iná àti kámẹ́rà wà lórí rẹ̀, tí àwọn dókítà ń tì gba ìdí wọ ìfun ńlá. Àwòrán rẹ̀ ni ewé náà. Ní 2019, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Michigan fi àwòrán 16,514 láti ara aláìsàn 3,082 kọ́ ẹ̀rọ. Ní 2020, àwọn ará Tokyo lo 40,758. Nígbà tí wọ́n bi ẹ̀rọ wọn bí egbò bá ti san, ìdájọ́ rẹ̀ bá ti àwọn àgbà dókítà mu ní bí ìgbà 90 nínú 100. Àwọn mìíràn ń wá ẹ̀rọ tí yóò sọ oògùn tí yóò ṣiṣẹ́ lára ẹnìkan kí ó tó lò ó.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn wá nìyí. Ewé igbó Tokyo kọ́ ni ewé igbó Ọ̀nà-Àrà. Níhìn-ín, àmíbà a máa dá egbò sí ìfun, ikọ́ ẹ̀gbẹ náà a sì máa wọ inú rẹ̀. Àwọn méjèèjì lè jọ àrùn ìfun wíwú lójú. Oògùn tí ń dín agbára àwọn ọmọ-ogun ara kù ni a sì fi ń wo àrùn ìfun wíwú. Bí ó bá jẹ́ pé àmíbà ni, ìfun lè lu. Bí ó bá jẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ ni, yóò tàn ká. Àṣìṣe ẹ̀rọ tí kò rí ìfun àgbẹ̀ Àkànrán rí lè pa àgbẹ̀ náà.

Nítorí náà, iṣẹ́ àwọn ará Beijing, tí ó jáde ní 2020, ni mo kà sí pàtàkì jù fún wa. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi kọ́ ẹ̀rọ tiwọn, kì í ṣe àwòrán: ohun tí àwọn dókítà kọ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n wo ìfun aláìsàn 6,399, kí ẹ̀rọ lè ya ikọ́ ẹ̀gbẹ inú ìfun sọ́tọ̀ kúrò lára àrùn méjèèjì tí a dárúkọ.

Bí a bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ níhìn-ín, ọ̀rọ̀ ta ni a ó fi kọ́ ọ? Okùn oníkámẹ́rà kò sí ní ilé ìwòsàn abúlé. Ìlú Ìbàdàn ni aláìsàn yóò wá, ní irú UCH, tí wọ́n ṣí ní 1957. Nọ́ọ̀sì ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ ẹnu rẹ̀. Bí ó bá wí pé jẹ̀díjẹ̀dí ni, tí nọ́ọ̀sì sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láìbéèrè sí i, kò sí ẹ̀rọ tí yóò tú u. Ọjọ́ mélòó ni? Ṣé ẹ̀jẹ̀ ń bá a jáde? Ṣé ìgbẹ́ náà ń jí i lóru? Ṣé aṣọ ọdún tó kọjá ti ń ṣò sí i lára?