Àpápá àti Ajégúnlẹ̀: Níbo ni Ajé Gúnlẹ̀ Sí?

Nínú èdè wa, ọkọ̀ ojú omi ni a máa ń sọ pé ó gúnlẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti ojú agbami bọ̀, tí imú rẹ̀ sì kan iyanrìn èbúté, a ní ó ti gúnlẹ̀. Ẹni tí ó bá sọ ìlú ní Ajégúnlẹ̀ fi ajé wé ọkọ̀ tí ó ti ìrìn-àjò dé. Orúkọ àdúrà ni, ìdí nìyí tí Ajégúnlẹ̀ kò fi mọ ní ẹyọ kan nílẹ̀ Yorùbá. Èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àpápá ní Èkó ni ọ̀rọ̀ wa dá lé, nítorí pé níbẹ̀ ni ajé ti fi ọkọ̀ gúnlẹ̀ ní tòótọ́. Ọ̀dọ̀ ta ni ó wá gúnlẹ̀ sí?

Ẹni tí ó bá dúró ní Marina lórí erékùṣù Èkó, tí ó wo òdìkejì omi ní ìhà ìwọ̀-oòrùn, Àpápá ni yóò rí. Ilẹ̀ Àwórì ni. Ajégúnlẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, lórí ilẹ̀ tí kò ga, tí ó kún fún àbàtà, níbi tí omi òjò kì í ti í tètè rí ọ̀nà lọ.

Kí ọdún 1914 tó dé, iyanrìn tí ó dí ẹnu ọ̀sà kò jẹ́ kí àwọn ọkọ̀ ńlá wọ Èkó. Nígbà tí a fi òkúta mọ odi sínú òkun, tí a sì gbẹ́ iyanrìn náà, ọ̀nà là. Ojú irin tí ó ti dé Ìbàdàn láti 1901 sì ń kó irè oko bọ̀. Ìjọba wá ibi tí ojú irin àti ọkọ̀ omi yóò gbé pàdé láìsí pé ẹrù gba orí afárá kọjá sí erékùṣù. Àpápá ni wọ́n yàn. Ní 1926 ni a parí èbúté àkọ́kọ́ níbẹ̀, tí ọkọ̀ mẹ́rin lè gúnlẹ̀ sí lẹ́ẹ̀kan náà.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà ní onílẹ̀. Ní 1913 ni ìjọba ti gba ilẹ̀ ní Àpápá. Olóyè Amodu Tijani, Olúwa ti Èkó, ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ́jọ onífìlà funfun, béèrè owó ilẹ̀. Ilé ẹjọ́ ní Èkó dáhùn pé ẹ̀tọ́ rẹ̀ kò ju ti alábòójútó lọ, nítorí náà kò lè gba iye tí ó tọ́ sí ẹni tí ó ni ilẹ̀. Olúwa kò gbà. Ó gbé ẹjọ́ náà lọ sí Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, Herbert Macaulay sì bá a lọ ní 1920. Ní 1921, àwọn adájọ́ pinnu pé bí a ti fi Èkó lé ọba Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ ní 1861 kò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ó ni ín. Pé ará ìlú lápapọ̀ ni ó ni ilẹ̀, olóyè sì ń ṣojú fún wọn. Pé kí ìjọba san owó rẹ̀ ní kíkún. Ìdájọ́ yìí rìn jìnnà. Nígbà tí ilé ẹjọ́ gíga Ọsirélíà dá ẹjọ́ Mabo ní 1992, tí ó sì gbà pé àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀ ní ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ wọn, ó tọ́ka sí ẹjọ́ Àpápá yìí.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, èbúté náà gbòòrò sí i. A la òpópónà gbọọrọ ní Àpápá, a sì kọ́ ilé iṣẹ́ àti ilé àwọn ọ̀gá síbẹ̀. Níbo ni aláàárù, awakọ̀ àti alágbàṣe yóò wá sùn? Ọ̀pọ̀ nínú wọn kọjá sí Ajégúnlẹ̀, níbi tí yàrá kò ti wọ́n. Àpápá wà lábẹ́ Èkó, olú-ìlú Nàìjíríà nígbà náà. Ajégúnlẹ̀ wà lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí ó wà ní Ìbàdàn, títí a fi dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 27 May 1967. Ètò tí a ṣe fún Àpápá kò kọjá ààlà. Títí di òní, Boundary ni à ń pe ibi tí ìlú méjèèjì gbé pàdé, orúkọ náà kò sì ní ìtumọ̀ mìíràn ju ààlà lọ.

Síbẹ̀, ọlá mìíràn gúnlẹ̀ sí Ajégúnlẹ̀. Yorùbá, Ìlàjẹ, Ijaw, Urhobo, Ìgbò àti Haúsá ń gbé inú àgbàlá kan náà, wọ́n sì ń gbọ́ ara wọn yé. Láti ibẹ̀ ni Daddy Showkey ti gbé orin àti ijó galala jáde; ibẹ̀ ni Samson Siasia àti Odion Ighalo ti ta bọ́ọ̀lù ní kékeré kí wọ́n tó gbá a fún Nàìjíríà.

Nígbà tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ tí ó ru sìmẹ́ńtì há sójú omi Èkó ní 1975, a sáré kọ́ èbúté Tin Can Island, tí a ṣí ní 1977. Lẹ́yìn náà, ìhá kúrò lójú omi, ó bọ́ sójú títì: fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ọkọ̀ akẹ́rù tò sí ọ̀nà Àpápá, tí ẹni tí ń lọ sí ibi iṣẹ́ láti Ajégúnlẹ̀ kò sì rí ọ̀nà gbà.

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. A kò lè sọ ìtàn Àpápá kí a fi Ajégúnlẹ̀ sílẹ̀, nítorí ẹni tí ó já ẹrù inú ọkọ̀ kò kéré sí ẹni tí ó ni ẹrù. Ìwé ẹjọ́ ti tọ́jú ìtàn onílẹ̀ Àpápá fún wa. Ìtàn àwọn tí ó kọ́ yàrá sórí àbàtà, ẹnu àwọn àgbà ni ó ṣì wà. Iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni láti lọ gbà á sílẹ̀ kí àwọn àgbà náà tó lọ tán.