Pípààrọ̀ Omi Ẹja Nínú Ọgbà Ilé

Ẹja sísìn jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ tí àwọn ará Ìbàdàn ń ṣe ní ẹ̀yìnkùlé wọn. Ní Bódìjà, ní Agbowó, ní Ring Road àti ní Challenge, kì í ṣe ohun ìyanu bí a bá rí táńkì onísìmẹ́ńtì tàbí ti tapólì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé, tí ẹja àrọ̀ ń yí gbiri nínú rẹ̀. Àwọn kan ń sìn ín fún ọbẹ̀, àwọn mìíràn sì ń sìn ín fún títà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà nínú rẹ̀ tí ó máa ń tètè sú ènìyàn, òun ni pípààrọ̀ omi. Ẹni tí ó bá sì ń fi í falẹ̀ lè jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, kí ó rí owó ọmọ ẹja àti owó oúnjẹ oṣù púpọ̀ tí ó léfòó sójú omi.

Kí a tó mọ bí a ṣe lè mú iṣẹ́ yìí rọrùn, ó yẹ kí a mọ ìdí tí a fi ń ṣe é. Nínú odò, omi tí ń ṣàn ni í gbé ìdọ̀tí ẹja lọ. Nínú táńkì, ibi tí ẹja ti ń jẹun náà ni ó ń yàgbẹ́ sí. Ìgbẹ́ yìí àti oúnjẹ àjẹkù a máa jẹrà ní ìsàlẹ̀ omi. Ẹja tìkára rẹ̀ pẹ̀lú a sì máa tú májèlé kan tí à ń pè ní amóníà jáde bí ó ti ń mí. Àwọn ohun abẹ̀mí tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí ń gbé lára ògiri táńkì. Àwọn ni wọ́n ń sọ amóníà di májèlé mìíràn, tí wọ́n sì tún ń sọ ìyẹn di ohun kẹta tí oró rẹ̀ kò pọ̀ tó ti àwọn ìṣáájú. Ohun kẹta yìí kò rí ọ̀nà jáde. Ńṣe ni ó ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́, àfi bí a bá da díẹ̀ nínú omi náà nù, tí a sì fi omi titun rọ́pò rẹ̀.

Ẹja àrọ̀ lágbára púpọ̀. Yàtọ̀ sí mímí nínú omi, ó ní ẹ̀yà ara kan tí ó fi ń gba afẹ́fẹ́ láti òkè omi. Nítorí náà ó lè wà láàyè nínú omi tí ẹja mìíràn kò lè fara dà. Agbára yìí ni ó ń tan olùsìn rẹ̀ jẹ, tí ó fi ń rò pé kò séwu. Ṣùgbọ́n àìkú kọ́ ni ìlera. Bí omi ti ń burú, bẹ́ẹ̀ ni ẹja ń kọ oúnjẹ, ìdàgbà rẹ̀ ń fà sẹ́yìn, àìsàn sì ń rí ọ̀nà wọlé sí i lára. Bí ẹja bá ń dúró gbọnrangandan lójú omi, tí kò sáré sí oúnjẹ mọ́, tí omi sì ń rùn, kí a mọ̀ pé a ti pẹ́ jù.

Kí ni ó wá dé tí àwọn ènìyàn fi ń sún iṣẹ́ náà síwájú? Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Bí táńkì kan bá gùn ní mítà 2, tí ó fẹ̀ ní mítà 1, tí omi inú rẹ̀ sì jìn ní mítà 1, omi náà jẹ́ lítà 2,000. Bí a bá fẹ́ pààrọ̀ gbogbo rẹ̀, ó di kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 ní ọ̀nà 80, ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ kílò 2,000. Bí ó bá jẹ́ orí ni àwọn ọmọ ilé fi ń ru ú láti ìdí kànga, ta ni kò ní sá fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀? Ṣùgbọ́n ìdámẹ́wàá omi náà jẹ́ lítà 200 péré, èyí tí kẹ́ẹ̀gì 8 yóò kó tán. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹni tí ó bá ń pààrọ̀ díẹ̀ lóòrèkóòrè kò ní dé ibi tí yóò ti ru kẹ́ẹ̀gì 80 lọ́jọ́ kan. Bí ẹja bá pọ̀ tàbí bí ó bá ti tóbi, a ó fi kún un. Ẹja pàápàá fẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ìyípadà òjijì a máa nì í lára. Bí a bá sì fi ọṣẹ fọ gbogbo ògiri táńkì, a ti pa àwọn ohun tíntìntín tí ń bá wa ṣiṣẹ́.

Ọ̀nà kejì ni pé kí a jẹ́ kí omi máa ṣiṣẹ́ fún ara rẹ̀. Omi kì í gun òkè, ìsàlẹ̀ ni í máa wá. Ìbàdàn sì jẹ́ ìlú olókè. Kí a kọ́ táńkì sí ibi tí ó ga díẹ̀, kí ilẹ̀ inú rẹ̀ dagun lọ sí ẹnu páìpù tí omi yóò gbà jáde, kí a sì fi àwọ̀n bo ẹnu páìpù náà kí ẹja má baà bá omi lọ. Ní ìta, kí a so páìpù mìíràn mọ́ ọn, tí a lè gbé dìde, tí a sì lè tẹ̀ sílẹ̀. Bí ó bá dúró ṣánṣán, tí orí rẹ̀ ga ju ojú omi lọ, omi kò ní jáde. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, omi ìsàlẹ̀ yóò gbá ìdọ̀tí jáde. Kò gba iná mànàmáná, kò gba epo.

Ẹni tí ó ti kọ́ táńkì láìfi páìpù sí i lè lo họ́ọ̀sì. Kí ó rọ omi kún inú họ́ọ̀sì náà, kí ó fi ọwọ́ dí ẹnu rẹ̀ méjèèjì, kí ó ti ẹnu kan bọ ìsàlẹ̀ táńkì, kí ó sì gbé èkejì sí ibi tí ó rẹlẹ̀ ju táńkì lọ. Bí ó bá ṣí ọwọ́, omi yóò máa ṣàn. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ẹnu fa omi náà.

Omi titun pẹ̀lú ní ètò tirẹ̀. Ní 1942 ni ìjọba sé odò Ọnà ní Ẹlẹ́yẹlé kí àwọn ará Ìbàdàn lè máa rí omi ẹ̀rọ lò. Omi ẹ̀rọ ní oògùn apakòkòrò tí à ń pè ní klórínì. Ó dára fún ènìyàn, ṣùgbọ́n ó lè pa ẹja. Bí a bá pọn ọ́n sínú ohun tí kò ní ìdérí ní ọjọ́ kan ṣáájú, ọ̀pọ̀ oògùn náà yóò bá afẹ́fẹ́ lọ. Omi kànga ẹ̀rọ kò ní klórínì, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ a máa kéré. Kí a lu ihò wẹ́wẹ́ sára páìpù, kí omi náà máa rọ̀ bí òjò láti òkè. Nípa bẹ́ẹ̀ yóò gba afẹ́fẹ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹja.

Àwọn mìíràn a máa sin ẹja òkun nínú àpótí onídígí nítorí ẹwà rẹ̀. Òfin kan náà ni ó de ọ̀rọ̀ tiwọn, ṣùgbọ́n òkun jìnnà sí Ìbàdàn, nítorí náà wọ́n ní láti po omi òkun fúnra wọn. Lítà kan omi òkun ní iyọ̀ tó nǹkan bí gíráàmù 35. Iyọ̀ ọbẹ̀ kò lè rọ́pò rẹ̀, nítorí pé oríṣiríṣi èròjà mìíràn ni ó wà nínú omi òkun. Iyọ̀ tí a ṣe fún iṣẹ́ náà ni à ń rà. Kí a pò ó sínú ike mímọ́ ní ọjọ́ kan ṣáájú, kí iyọ̀ rẹ̀ àti ìgbóná rẹ̀ bá ti inú àpótí dọ́gba. Bí oòrùn bá sì fa omi inú àpótí, omi nìkan ni ó lọ, iyọ̀ kò lọ. Omi aláìníyọ̀ ni a ó fi dí i.

Omi tí a dà jáde láti inú táńkì ẹja àrọ̀ kì í ṣe ohun ìsọnù. Ó dára púpọ̀ fún ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ewédú àti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Omi iyọ̀ ni a kò gbọ́dọ̀ dà sídìí irúgbìn, nítorí yóò pa á. Kò sì yẹ kí a da omi ẹja sí ojú ọ̀nà aládùúgbò, kí ẹja wa má baà di ìjà láàárín wa.

Ẹja kò lè sọ̀rọ̀, kò sì lè jáde kúrò nínú omi tí a fi í sí. Ohun tí a bá ṣe sí omi rẹ̀ ni a ṣe sí i. Ẹni tí ó bá la ọ̀nà fún omi kí ó tó ra ọmọ ẹja, tí ó sì ń pààrọ̀ díẹ̀ nígbà gbogbo, yóò fi ìrọ̀rùn ṣe iṣẹ́ náà, yóò sì jèrè rẹ̀.