Ìjà parí, ọ̀rọ̀ kù: Ifẹ̀, Modákẹ́kẹ́ àti ẹ̀kọ́ Ọ̀ṣẹ́-Òtúrá

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sá fún ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí. Ọmọ kan tó ń kọ́ Ifá lọ́dọ̀ mi ló fà á yọ. À ń nu ọpọ́n lọ́wọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ Ifá, ó kàn ní, "Bàbá, ṣé òótọ́ ni pé ìgbà kan wà tí ẹ̀yin àti Bàbá Modákẹ́kẹ́ kì í bá ara yín sọ̀rọ̀?"

Bàbá Modákẹ́kẹ́ ni àwọn ọmọ ilé mi ń pe ọ̀rẹ́ mi kan, awo bíi tèmi. Ó máa ń wá sílé mi, èmi náà máa ń lọ sílé rẹ̀. Ọmọ tó bi mí léèrè yìí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún. Kò gbọ́ ìró ìbọn ní Lágéré rí. Lójú tirẹ̀, láti Ifẹ̀ dé Modákẹ́kẹ́, owó ọ̀kadà lásán ni. Mo ní òótọ́ ni, fún bí ọdún mẹ́fà. Ó ní kí ló fà á. Mo ní kó máa nu ọpọ́n.

Ìdáhùn yẹn kò dára, mo sì mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n dá a lóhùn níbí. Ọmọ Ifẹ̀ ni mí. Mo ti sọ ìyẹn ṣíwájú kí ẹ lè fi wọn ọ̀rọ̀ mi wò.

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe ìjà. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn tí ogun lé wá sí Ifẹ̀ bá àwọn ará Ifẹ̀ gbé, wọ́n bá wọn roko, wọ́n bá wọn jagun. Ní nǹkan bí 1845, Ọọ̀ni Abéwéìlá fún wọn ní ibùdó tiwọn. Àwọn àgbà ní igbe àwọn ẹyẹ àkọ̀ tó wà lórí igi níbẹ̀ ni wọ́n fi sọ ibẹ̀ ní Modákẹ́kẹ́. Kò pẹ́ tí ìjà fi dé, ní 1849. Ó tún dé ní 1882.

Lẹ́yìn náà ni kòkó dé, ilẹ̀ wá di owó. Àgbẹ̀ tó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ gbọ́dọ̀ san ìṣákọ́lẹ̀. Onílẹ̀ ní ẹ̀tọ́ òun ni, baba òun ló fún wọn ní ilẹ̀. Àgbẹ̀ ní baba òun gbin kòkó yìí, ó kú, wọ́n sin ín, òun náà ti ń darúgbó, títí di ìgbà wo ni òun yóò máa jẹ́ àlejò? Ẹ wò ó, àwọn méjèèjì ló ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Nínú àwọn ọdún 1940, ọ̀rọ̀ ìṣákọ́lẹ̀ dé kóòtù, ẹ sì mọ̀ pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Nígbà tí ìjọba ológun ṣe òfin ilẹ̀ ní 1978, àwọn kan ní ìṣákọ́lẹ̀ ti parí nìyẹn, ìjọba ló ni ilẹ̀. Àwọn kan ní irọ́ ni. Ìjà ṣẹ́lẹ̀ ní 1981, ó tún ṣẹ́lẹ̀ ní 1983. Ní 1996, wọ́n dá Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ifẹ̀ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ibi tí ọ́fíìsì rẹ̀ yóò wà ló sì dá iná ogun 1997. Ẹ jọ̀wọ́, ọ́fíìsì ni mo wí o. Ilé tí wọ́n ti ń gba owó tíṣà ni ọmọ ènìyàn tìtorí rẹ̀ kú. A rò pé ó ti tán, ó tún bẹ̀rẹ̀ ní 2000.

Ibi tí mo ti ń sá fún ìdáhùn ọmọ yẹn nìyí. Olúwo kan náà ló kọ́ èmi àti ọ̀rẹ́ mi. Inú ilé kan náà la ti jọ sùn, la jọ gbé omi, la jọ jẹ ìyà odù tí a kò mọ̀. Nígbà tí a gba ara wa lọ́wọ́ olúwo, a dá ẹgbẹ́ ìtàdógún sílẹ̀, awo mọ́kànlá, márùn-ún láti Modákẹ́kẹ́, mẹ́fà láti Ifẹ̀. Ilé dé ilé ló ń yípo. A ti mulẹ̀ pé awo kò ní da awo. Ní 1997, ẹgbẹ́ náà tú. Kò sí ẹni tó kéde pé ó tú. Ọjọ́ ìpàdé pé, a kò lè kọjá sí ọ̀dọ̀ ara wa, ó parí.

Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò mi wá bá mi lóru. Wọ́n ní àwọn fẹ́ òkígbẹ́, àwọn fẹ́ ayẹta. Mo ṣe é fún wọn. Mi ò sì gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ kalẹ̀ kí n tó ṣe é. Babaláwo tí kò bi Ifá kó tó dáwọ́ lé nǹkan, kí ló fi yàtọ̀ sí ẹni tó ń ta àgúnmu ní gáréèjì? Mo mọ ohun tí mo ń ṣe. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá bi í, yóò ní kí n má ṣe é. Ní 2000, wọ́n pa àbúrò mi, ọmọ ìyá mi. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń sọ fún ara mi pé ayẹta tí mo ṣe kò burú, ó kéré ni.

Nígbà tí ìbọn dákẹ́, ìpàdé wá pọ̀. Ààrẹ Ọbásanjọ́ gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ ní ọdún 2000 náà, Ọ̀gbẹ́ni Ọlábọ̀dé George ni alága rẹ̀. Àwọn ìjòyè ìlú méjèèjì jókòó, wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n ya fọ́tò. Mi ò ní bú wọn. Ogun bí irú ti 2000 kò tún ṣẹlẹ̀ láti ìgbà náà, ẹni tó bá sì fojú rí ti 2000 kò ní fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ tiwa, ilẹ̀kùn ṣì wà ní títì. Mo ń gbọ́ nínú rédíò pé a ti parí ìjà, mo sì ń yà fún ọ̀rẹ́ mi ní títì.

Ìyá àwọn ọmọ mi ló kọ́kọ́ kọjá. Epo pupa ló ń tà. Kí ìjà tó dé, ọwọ́ ìyàwó ọ̀rẹ́ mi ló ti ń ra epo. Wọ́n pàdé ní ọjà kan lọ́nà Gbọ̀ngán, wọ́n wo ara wọn, wọ́n bú sẹ́kún láàárín ọjà. Ọjọ́ yẹn ló mú kẹ́ẹ̀gì epo mẹ́ta wálé, àwìn. Bẹ́ẹ̀ ni, àwìn! Ẹni tó ń gbé ní Modákẹ́kẹ́ ta àwìn fún ẹni tó ń gbé ní Ifẹ̀, kò sì sí ìgbìmọ̀ kankan tó fọwọ́ sí i. Òun ló sọ fún mi pé àkọ́bí ọ̀rẹ́ mi kú nínú ìjà 2000. Ó ti lé ní ọdún méjì tí ọmọ yẹn ti kú nígbà tí mo gbọ́. Èmi ni mo sọ ọmọ náà lórúkọ, ìka mi ni mo fi kan oyin fún un. Mo ní kí ló dé tí wọn kò ránṣẹ́ sí mi. Ìyàwó mi wò mí títí, ó ní, "Ta ni kí wọ́n rán? Ẹ̀yin ọkùnrin ń dúró de ìgbìmọ̀."

Ẹ̀yin ọmọ awo ti mọ ibi tí mo ń lọ. Nínú Ọ̀ṣẹ́-Òtúrá, Olódùmarè rán irúnmọlẹ̀ mẹ́tàdínlógún wá sí ayé pé kí wọ́n tún un ṣe. Mẹ́rìndínlógún jẹ́ ọkùnrin. Wọ́n gé igbó, wọ́n la ọ̀nà, wọ́n ṣe ìpàdé, wọn kò pe Ọ̀ṣun sí i, wọ́n ní obìnrin ni. Gbogbo ohun tí wọ́n dáwọ́ lé bàjẹ́. Òjò kọ̀, kò rọ̀. Aláìsàn kò gbádùn, ohun tí wọ́n tò ní àárọ̀ ń dàrú ní alẹ́. Wọ́n padà tọ Olódùmarè lọ láti fi ẹjọ́ sùn. Olódùmarè bi wọ́n léèrè Ọ̀ṣun. Wọ́n ní àwọn kò kà á mọ́ àwọn. Ó ní kí wọ́n padà lọ bẹ̀ ẹ́, pé òun kò ní àṣẹ mìíràn tí òun yóò fún wọn. Wọ́n lọ, wọ́n dọ̀bálẹ̀. Ọ̀ṣun kò gbà kíá, ó sì tọ́ kí ó má gbà kíá. Nínú oyún tó wà nínú rẹ̀ nígbà náà ni a ti bí Ọ̀ṣẹ́túrá, tó ń gbé ẹbọ lọ sọ́run títí di òní.

Mo ti ń sọ ìtàn yìí fún àwọn oníbèéèrè kí ìjà tó dé. Bí odù náà bá jáde, mo máa ń ní kí wọ́n bọ Ọ̀ṣun, kí wọ́n fún obìnrin ní ẹyẹlé, màá gba owó mi. Kò wá sí mi lọ́kàn pé ìpàdé àlàáfíà ni Ifá ń sọ. Kò sí ìpàdé tí a ṣe tí ó lè dúró bí ẹni tí ọ̀rọ̀ dùn jù kò bá sí níbẹ̀, bó ti wù kí àwọn tó jókòó pọ̀ tó.

Ẹ jẹ́ kí n fi ogun Kírìjì ṣe àkàwé, nítorí ọ̀rọ̀ Modákẹ́kẹ́ wà nínú ìwé àdéhùn rẹ̀. Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ wà lójú ogun láti 1877 títí wọn fi fọwọ́ sí ìwé ní ọjọ́ 23, oṣù kẹsàn-án, 1886. Àwọn tó ń sáré láàárín àgọ́ méjèèjì ni Àlùfáà Samuel Johnson láti Ìbàdàn àti Àlùfáà Charles Phillips láti Oǹdó. Oníṣọ́ọ̀ṣì ni àwọn méjèèjì, kì í ṣe babaláwo, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba àárín ìbọn kọjá láti gbé ọ̀rọ̀ àlàáfíà, èmi máa ń júbà rẹ̀. Ìwé náà dá àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà sílẹ̀ kúrò lábẹ́ Ìbàdàn, ó sì dára. Ṣùgbọ́n ó tún ní kí àwọn ará Modákẹ́kẹ́ kó kúrò lórí ilẹ̀ tí wọ́n wà, kí wọ́n lọ tẹ̀dó sí àárín odò Ọ̀ṣun àti odò Ọbà. Ọwọ́ fọwọ́ sí i, ẹsẹ̀ kò rìn. Wọn kò lọ. Ó di 1909 kí wọ́n tó tú wọn ká, ọ̀pọ̀ lọ sí Gbọ̀ngán, Òde-Òmu, Ìkirè àti Ẹdẹ. Nígbà tó fi máa di 1922, wọ́n ti ń padà. Ẹni tó ní ìyàwó, tó ní ọmọ, tó ní igi kòkó, ẹ kò lè fi gègé lé e kúrò lórí ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ kò lè fi gègé sọ fún onílẹ̀ pé kó gbàgbé pé baba òun ló ni ilẹ̀.

Ọjọ́ tí mo lọ sílé ọ̀rẹ́ mi, ìyàwó mi ló ṣíwájú. Mo gbé obì àti ọtí dání. Ó gbà wá, a fi omi tu ilẹ̀, a jẹun. Mo tún lọ, òun náà wá. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é fún bí ọdún kan: ẹ kú ilé, ẹ kú oko, kòkó ńkọ́, òjò ńkọ́. Gbogbo ayé ní a ti parí ìjà. A kò parí nǹkan kan. Obì tí à ń jẹ ń kan lẹ́nu.

Òun ló bi mí. Àwa méjèèjì nìkan la jókòó. Ó ní, "Ṣé ìwọ lo ṣe òkígbẹ́ fún àwọn ọmọ yẹn?" Àyà mi já. Mo lè parọ́. Awo mọ irọ́ pa ju ẹnikẹ́ni lọ bó bá fẹ́. Mo ní, "Èmi ni." Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ó ní, "Èmi náà ṣe é fún tiwa. Tèmi ló wà lọ́rùn ọmọ mi lọ́jọ́ tó kú." Mo bi í bóyá ó bi Ifá kó tó ṣe é. Ó ní rárá. Mo ní èmi náà kò bi í. Lẹ́yìn náà ni a sunkún, àgbàlagbà méjì, ìyàwó rẹ̀ yọjú, ó tún padà sẹ́yìn.

Láyé àtijọ́, ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, bí ẹ̀jẹ̀ bá kán sílẹ̀ nínú ìjà, àwọn Ògbóni á gbé ẹdan kalẹ̀ síbẹ̀. Àtẹni tó gún ènìyàn àtẹni tí wọ́n gún, àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ wá síwájú wọn, kí wọ́n wá sọ tẹnu wọn. Ilẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ kán sí, ilẹ̀ ló sì ń bi wọ́n. Àwa ti 2000, ta ló bi wá? Wọ́n ní ká gbàgbé. Wọ́n ní ká tún ilé kọ́. Kò sí ẹni tó ní kí ẹni tó dáná wá sọ̀rọ̀ níwájú ẹni tí ilé rẹ̀ jó.

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá pè mí sí ìpàdé ìlú méjèèjì nísinsìnyí, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ wò ni ẹni tí kò sí níbẹ̀. Mo máa ń béèrè àgbẹ̀ tó ń san ìṣákọ́lẹ̀, ìyá tí ọmọ rẹ̀ kò dé, ọmọkùnrin tó gbé ìbọn nígbà yẹn tó wá di baba ọlọ́mọ báyìí. Àwọn kan máa ń bínú sí mi pé mo fẹ́ hú òkú. Ìjòyè kan ní kí n jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó sùn máa sùn. Mo dá a lóhùn pé nígbàkigbà tí aáwọ̀ ilẹ̀ oko bá tún yọjú, a máa ń rí i pé ojú rẹ̀ là sílẹ̀.

Ẹgbẹ́ ìtàdógún wa ti padà. Awo méje la kù nínú mọ́kànlá. Ilé ọ̀rẹ́ mi ni èyí tó ń bọ̀ kàn. Mo ti sọ fún ọmọ tó bi mí léèrè pé kó tẹ̀lé mi, kó tún ìbéèrè rẹ̀ bi níwájú àwa méjèèjì. Mo ti pe ọ̀rẹ́ mi lórí fóònù pé ọmọ náà ń bọ̀. Ó ní kí n rántí mú orógbó dání, pé ti ilé òun ti tán.