Ta Ni Ó Ń Sanwó Ìwé Ìròyìn Náà?

Ẹ wo gbólóhùn méjì yìí: "Mo gbọ́ ìròyìn náà." "Mo gba ìròyìn náà gbọ́." Ìtumọ̀ èkíní kò ju pé ọ̀rọ̀ dé etí mi lọ, èkejì ń sọ pé mo gbà pé òótọ́ ni. Kí ló ń mú wa kúrò ní èkíní dé èkejì?

Ọ̀jọ̀gbọ́n Onora O'Neill, tó ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Cambridge, sọ̀rọ̀ lórí ìgbẹ́kẹ̀lé lórí rédíò BBC ní ọdún 2002. Èrò rẹ̀ ni pé kí a má kàn máa wá bí àwọn ènìyàn yóò ṣe túbọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé ni. Ó yẹ kí ẹni náà kọ́kọ́ tó gbẹ́kẹ̀ lé, kí ó sì jẹ́ kí a rí ohun tí a ó fi dán an wò.

Ẹ jẹ́ ká fi èyí wo ìwé ìròyìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1983, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní ìpínlẹ̀ Missouri yọ ojú-ìwé méjì kúrò nínú ìwé ìròyìn wọn kí ó tó jáde. Ọ̀rọ̀ oyún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti ti àwọn òbí tó kọ ara wọn sílẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ní 1988, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá ilé-ẹ̀kọ́ náà láre, adájọ́ márùn-ún sí mẹ́ta, nítorí pé ara iṣẹ́ kíláàsì ni ìwé ìròyìn náà.

Ti Stanford yàtọ̀. The Stanford Daily ti kúrò lábẹ́ yunifásítì náà láti 1973. Ní ìparí 2022, Theo Baker, akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìròyìn jáde nípa àwọn àwòrán tó mú ìfura dání nínú ìwádìí ààrẹ yunifásítì náà, Marc Tessier-Lavigne. Ìgbìmọ̀ tó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò kò rí i pé òun fúnra rẹ̀ ṣe màgòmágó, ṣùgbọ́n wọ́n ní kò ṣe tó láti tún àṣìṣe ṣe. Ní oṣù Keje 2023, ó kéde pé òun yóò fipò sílẹ̀. Ká ní ọ́fíìsì ààrẹ ló ń fọwọ́ sí ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan ńkọ́?

Òmìnira náà ní ìyà tirẹ̀ o: ẹni tí kò gbowó ilé-ẹ̀kọ́ yóò máa wá ìpolówó ọjà kiri, olówó ìpolówó náà sì lè fẹ́ pàṣẹ.

Ẹ wá ìwé ìròyìn ilé-ẹ̀kọ́ tiyín. Ta ló ń sanwó ìtẹ̀wé? Ta ló ń yan olóòtú? Ẹ kọ ìdáhùn yín ní ìpínrọ̀ kan, kí ẹ mú un wá sí kíláàsì.